Akínfẹ́nwá Onísáyẹ́ǹsì àti Ọkàn Màlúù Kérésìmesì

Mo fi ewú orí mi búra, mo tún fi àwọn eyín tó ṣẹ́kù sí mi lẹ́nu búra, pé òtítọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí. Bí ẹ bá dé ibì kan tó dà bíi pé mo fi iyọ̀ sí i, ẹ má ṣiyèméjì. Òtítọ́ ni iyọ̀ náà.

Ní Festac wa níhìn-ín, nínú ọ̀kan lára àwọn kílóòsì, àwọn òpópónà kékeré olójú kan, tó wà lẹ́yìn Sẹ́kọ́ńdì Áfẹ́níù, bàbá kan wà tó ń jẹ́ Olúgbóyèga Akínfẹ́nwá. Ìjọba àpapọ̀ ló bá ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Àmọ́ ẹ má pè é ní Ọ̀gbẹ́ni. Ẹ má pè é ní Alàgbà. Bí ẹ bá pè é ní Bàbá Débọ́lá, á ṣe bí ẹni tí etí rẹ̀ di. Onísáyẹ́ǹsì ni kẹ́ ẹ pè é, kẹ́ ẹ sì fi ìdọ̀bálẹ̀ díẹ̀ lé e.

Àwa náà kò sì fi oríkì dù ú. Akínfẹ́nwá Onísáyẹ́ǹsì, ọkùnrin tí ń kí ara rẹ̀ kú iṣẹ́! A-wọ-kóòtù-funfun-lọ-ra-búrẹ́dì! Ọ̀kánjúà tó mọ̀wé! Erin tí ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí àtẹ̀gùn! Bí a bá kí i báyìí, gbólóhùn àkọ́kọ́ nìkan ló máa ń gbọ́. Kí a tó dé ìkẹta, ó ti ń juwọ́ sí wa.

Lóòótọ́, ó ṣiṣẹ́ rí ní mínísírì kan tó kún fún àwọn onísáyẹ́ǹsì. Ohun tí òun ń bójú tó níbẹ̀ ni àga àti tábìlì. Ọ̀mọ̀wé kankan ò lè jókòó kí Akínfẹ́nwá tó buwọ́ lùwé. Nígbà tí Margaret, ìyàwó rẹ̀, fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ rán an létí èyí, inú bí i.

"Margaret, ṣé ẹni tó ń fún onísáyẹ́ǹsì ní àga kì í ṣe onísáyẹ́ǹsì ni? Jẹ́ kí wọ́n ṣèwádìí lórí ìdúró ná, ká wò ó!"

"Ẹ má bínú, Bàbá Débọ́lá," ni Margaret wí, ó sì padà sídìí ẹ̀wà tó ń ṣà.

Kóòtù funfun tó ń wọ̀ kiri yẹn, ti Débọ́lá ọmọ rẹ̀ obìnrin ni, láti ìgbà tí ọmọ náà ń kọ́ iṣẹ́ apòògùn ní yunifásítì. Kóòtù náà ò gba ikùn rẹ̀. Bọ́tìnnì òkè ń dé, ti ìsàlẹ̀ ń dé, ikùn á wá yọ láàárín méjèèjì bí ẹni tó ń yọjú lójú fèrèsé.

Ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn. Débọ́lá wá kí àwọn òbí rẹ̀ láti Sátẹ́láìtì, níbi tó ti ń ta oògùn ní ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀. Bàbá rẹ̀ rí ìgò kan nínú báàgì rẹ̀, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó mú ojú le bí ẹni tó mọ ohun tó ń wò.

"Kí lèyí wà fún?"

"Ko-ẹnsáìmù ni wọ́n ń pè é, Dàdí. Ó wà nínú ara gbogbo wa tẹ́lẹ̀. Ẹ rí i, ara èèyàn kún fún àwọn yàrá kéékèèké tí ojú lásán ò lè rí. Nínú àwọn yàrá yẹn, ẹ kà á sí pé jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀ tó ń sọ oúnjẹ di agbára. Àmọ́ agbára inú oúnjẹ ò lè dá ẹsẹ̀ rìn dé ibi tí wọ́n á ti lò ó. Ko-ẹnsáìmù yìí ló ń gbà á níbì kan, tó ń gbé e lọ fún ẹni tó kàn. Ẹ ṣáà mú un bíi mẹ́rúwà."

"Mẹ́rúwà? Àwọn tó ń fi ọmọlanke ti omi kiri?"

"Àwọn náà. Bí omi bá kún ilẹ̀ bámúbámú tí mẹ́rúwà ò wá, ṣé ẹnì kankan á rí omi wẹ̀ ní kílóòsì yìí?"

Ẹni tó bá ń gbé Festac kò ní bi Débọ́lá ní ìbéèrè kejì. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ omi ìjọba ti dákẹ́ lára ògiri wa, àwọn mẹ́rúwà tó ń to kẹ́ẹ̀gì sórí ọmọlanke ló ń gbé ẹ̀mí wa ró.

"Ta ló wá a rí?" ni bàbá béèrè.

"Àwọn òyìnbó kan ni, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1957. Ọkàn màlúù ni wọ́n kó jọ, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n sẹ́ ẹ, títí wọ́n fi rí nǹkan yẹ́lò kan tí wọn ò mọ̀ rí. Nígbà tó yá ni wọ́n wá mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ọkàn kì í sinmi, Dàdí, tọ̀sán-tòru ló ń lù. Ibi tí iṣẹ́ bá ti pọ̀, ibẹ̀ náà ni mẹ́rúwà ń pọ̀ sí."

Ẹ̀yin ará, nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tí ọmọ yìí kọ́ bàbá rẹ̀, ohun tó wọ̀ ọ́ létí kò ju méjì lọ: ọkàn màlúù, àti agbára.

"Ìyẹn ni pé, ẹni tó bá jẹ odindi ọkàn màlúù..."

"Rárá o, Dàdí. Ara yín fúnra rẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló wà nínú ẹran."

Ṣùgbọ́n bàbá ti dìde kúrò lórí àga. Ó ti wà níwájú dígí, ó ń tún kọ́là kóòtù rẹ̀ ṣe.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìtàn ti pààrọ̀ olóhun. Ní ilé ìgẹrun, Akínfẹ́nwá ní òun wà lára àwọn tó wá ko-ẹnsáìmù rí. Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì, òun nìkan ló wá a rí, àwọn òyìnbó kàn bá a di ìgò mú ni.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ àṣà kílóòsì wa fún yín, torí àṣà náà ni ọ̀kánjúà bàbá yìí dojú kọ. Lọ́dọọdún, a máa ń pawọ́ pọ̀ ra màlúù kan fún Kérésìmesì. Àwọn alápatà láti Kúje tó wà nítòsí wa á wá pa á fún wa, wọ́n á pín in ní òkìtì-òkìtì. Ẹran yòókù ò ní wàhálà. Ṣùgbọ́n ọkàn kan ṣoṣo ni màlúù ní, ilé sì pọ̀. Nítorí náà, a máa ń gé ọkàn náà wẹ́wẹ́ ni, kí ilé kọ̀ọ̀kan lè rí tirẹ̀ fi sẹ́nu. Àwọn tó kọ́kọ́ kó wọ Festac ló dá a sílẹ̀: ẹni tí ẹ bá jọ jẹ ọkàn kan náà, ẹ kò gbọdọ̀ bá a di kùnrùngbùn títí màlúù mìíràn á fi dé. Ìjà tí ẹran bíńtín yìí ti parí láàárín wa, kóòtù Amúwò-Ọ̀dọ̀fin ò lè parí ìdajì rẹ̀.

Ẹran bíńtín ọ̀hún ló wá ń bí Akínfẹ́nwá nínú. Ó ní èyí tí wọ́n fún òun lọ́dún tó kọjá kò tó ohun tí eyín ń dá dúró.

Ọjọ́ ìpàdé kílóòsì pé. Jùwọ́nlọ Yíwọlá, alága wa, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè, ló jókòó níwájú. Akínfẹ́nwá nàró nínú kóòtù funfun.

"Alága, mo ní ìkéde kan fún aráyé."

"Fún aráyé, Ẹ̀gbọ́n, àbí fún kílóòsì?"

"Fún aráyé. Ẹ̀yin lẹ kàn máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ." Ó wú ikọ́. "Ohun tó ń fún ara ní agbára, èmi ni mo wá a rí. Inú ọkàn màlúù ló ń gbé. Àwọn òyìnbó gbọ́ ọ lẹ́nu mi, wọ́n sáré lọ kọ ọ́ sínú ìwé."

Àǹtí Bernice, olórí àwọn obìnrin kílóòsì wa, tó ń se oúnjẹ fún àwọn ọ́fíìsì, ti ń tẹ fóònù rẹ̀. Obìnrin yìí, bí ẹ bá purọ́ níwájú rẹ̀, ẹ rọra pa á ní kékeré.

"Dàdí, ọdún 1957 ni wọ́n kọ síbí o. Ọmọ ọdún mélòó ni yín nígbà yẹn?"

"Ọmọ ọdún mẹ́fà."

Ẹ̀rín bú.

"Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín! Sámúẹ́lì ńkọ́? Ṣé àgbàlagbà ni nígbà tí Olúwa pè é nínú tẹ́ńpìlì?"

"Olúwa ló pe Sámúẹ́lì, Dàdí. Ọkàn màlúù kọ́."

Akínfẹ́nwá yí ẹ̀yìn sí i. Ó kọjú sí alága. "Ohun tí mò ń béèrè ò pọ̀. Ọkàn màlúù Kérésìmesì yìí, ẹ gbé e fún mi lódindi, fún ìwádìí. Ti ọdún tó ń bọ̀ náà ńkọ́? Ẹ gbé e fún mi. Ti gbogbo ọdún. Kẹ́ ẹ sì fi mí jẹ alága títí ayé, torí kò yẹ kí onísáyẹ́ǹsì máa jókòó sẹ́yìn tíṣà."

Jùwọ́nlọ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ìwádìí yìí, inú ìgò lẹ ti máa ṣe é ni, àbí inú ìkòkò?"

"Inú ìkòkò ni ìwádìí ti ń bẹ̀rẹ̀."

"Ata ńkọ́?"

"Ata..." Ó ronú díẹ̀. "Ata wà lára ìwádìí náà."

Bernice ní, "Àlùbọ́sà náà ńkọ́, sà?"

"Ẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́! Mo ti ń jẹ ọkàn yìí díẹ̀díẹ̀ o, ẹ wo ara mi! Agbára kún inú mi!"

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń jókòó sórí àtẹ̀gùn kẹ́ ẹ tó délé? Àná yìí náà ni mo bá yín di báàgì búrẹ́dì mú," ni Bernice wí.

Ọ̀rọ̀ yìí gún un dé egungun. Òùngbẹ ìyìn ló sì máa ń gbẹ ọkùnrin yìí, kì í lè fara da ẹ̀gàn bó ti wù kó kéré tó. Kó tó mọ̀, ẹnu rẹ̀ ti là.

"Mo lè ti ọmọlanke mẹ́rúwà! Èyí tí kẹ́ẹ̀gì kún orí rẹ̀ bámúbámú! Láti géètì dé òpin kílóòsì, mi ò ní sinmi!"

Gbogbo ilé yíjú sí i. Akínfẹ́nwá fúnra rẹ̀ wo ẹ̀yìn, bí ẹni tó fẹ́ mọ ta ló sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Jùwọ́nlọ wí, "ẹnu yín ló ti jáde o. Kò burú. Ní ọjọ́ màlúù, lójú gbogbo wa. Bí ẹ bá tì í dé òpin, odindi ọkàn di tiyín lọ́dọọdún, àṣà ọkàn jíjẹ ti parí nìyẹn, ẹ̀yin sì ni alága títí ayé. Ṣùgbọ́n bí ẹ ò bá lè tì í, ẹ ó bọ́ kóòtù yẹn, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ pè yín ní Onísáyẹ́ǹsì mọ́. Ẹ gbà bẹ́ẹ̀?"

"Mo gbà!" ni ẹnu Akínfẹ́nwá wí. Ara rẹ̀ yòókù ò fọwọ́ sí i.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn wà níbi iṣẹ́, ó yọ́ lọ bá mẹ́rúwà kan níbi ẹ̀rọ omi aládàáni tí wọ́n ti ń bu omi lóde géètì. Ó bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí òun di ọmọlanke rẹ̀ mú díẹ̀. Ó tì í. Ọmọlanke ò mira. Ó kó ara jọ, ó tún tì í. Nǹkan kan dún "kà!" Ìbàdí rẹ̀ ni.

Mẹ́rúwà fi àánú wò ó, ó fi èdè Hausa kí i pẹ̀lẹ́. "Bàbá, sánnu o."

Ó fi ọwọ́ kan di ìbàdí mú délé, ó ká sórí àga. Ó ń ro bí ayé ṣe máa rí bí wọ́n bá tún ń pe òun ní Bàbá Débọ́lá lásán, bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan láyé ju ọmọ bíbí lọ. Ojú rẹ̀ rọ̀.

Charles ló wọlé bá a. Charles ni àbúrò Margaret, ẹni tó wá kí wọn fún ọ̀sẹ̀ kan nígbà tí Débọ́lá ṣì wà ní ilé-ìwé gíga, tí ọ̀sẹ̀ náà ò tíì pé títí dòní. Ó gbọ́ gbogbo ẹjọ́, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ọmọlanke ló wúwo ni, àbí omi?"

"Omi ni."

"Ẹ jẹ́ ká yọ omi kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà nígbà náà."

Akínfẹ́nwá wò ó pẹ́, ẹ̀rín wá bẹ̀rẹ̀ sí í ti ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ yọ bí oòrùn. "Charles, ọpọlọ wà lórí rẹ o. Gbígbé tí o ń gbé lọ́dọ̀ mi ló fà á."

"Ìdajì ọkàn, Ẹ̀gbọ́n."

"Ìdajì? Ṣé ìwọ lo wá a rí ni?"

"Ẹ̀yin náà kọ́."

Wọ́n dúnàá-dúrà títí wọ́n fi fẹnu kò sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Wọn yóò gba ọmọlanke kan tòun ti kẹ́ẹ̀gì òfìfo. Wọn yóò dé ìdérí rẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣinṣin, wọn yóò sì da omi díẹ̀ sí gbogbo ara kẹ́ẹ̀gì kó máa kán tótó. Kí mẹ́rúwà mìíràn má bàa gbé omi gidi kọjá, kí àwọn èèyàn má sì rí bí ẹni tó ń ti omi gidi ṣe ń làágùn, Charles yóò dúró ní géètì láti àárọ̀, yóò máa dá gbogbo mẹ́rúwà padà.

Ète náà gún régé. Àfi ibì kan ṣoṣo.

Akínfẹ́nwá ò pọn omi rí láti ọjọ́ tó ti kó dé Festac. Bó bá wọ balùwẹ̀, omi ti máa ń wà nínú dírọ́ọ̀mù. Ó gbà pé bí ìrì ṣe ń sẹ̀ ló ṣe ń débẹ̀. Margaret ló mọ bó ṣe ń débẹ̀. Nítorí náà, kò wá sí i lọ́kàn ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí odindi kílóòsì tí mẹ́rúwà kankan ò wọ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ màlúù.

Ọjọ́ pé. Oòrùn mú bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Àwọn alápatà ti pa màlúù, wọ́n ti to ẹran sórí ewé, ẹ̀jẹ̀ sì wà nílẹ̀ tí kò sí omi tí wọ́n máa fi fọ̀ ọ́. Lábẹ́ igi máńgòrò, Bernice àti àwọn obìnrin ti gbé ìkòkò ńlá kaná. Ata ti dín, ìrẹsì ti wà nínú ọpọ́n.

"Mẹ́rúwà dà?"

"Kò sí èyí tó wá, Àǹtí. Dírọ́ọ̀mù tiwa náà ti gbẹ."

"Ata yìí fẹ́ jóná o! Ẹ fa igi díẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má sunkún, omi ń bọ̀."

Ohùn Charles ló kọ́kọ́ dún láti géètì, ó ti rí gbohùngbohùn yá níbì kan. "Ẹ yà lọ́nà! Ẹ yà lọ́nà! Onísáyẹ́ǹsì ń bọ̀! Ọkùnrin tí agbára ń gbé inú rẹ̀ bíi ọ̀yà nínú ihò!"

Akínfẹ́nwá yọ. Ọmọlanke wà níwájú rẹ̀, kẹ́ẹ̀gì to lórí rẹ̀ rẹpẹtẹ, omi ń kán lára wọn. Kóòtù funfun ń tàn. Ó kérora, ó mú ojú le, ó ti ẹsẹ̀ kan síwájú bí ẹni tó ń ti òkè Olúmọ. Ọmọlanke yí. Àwọn èèyàn pariwo.

Bí ẹ bá ní kí ọlọ́gbọ́n ṣe irọ́ yìí, á rọra ṣe é. Á máa mí gúlegúle, á dúró nu òógùn, á fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ariwo ìyìn dé etí Akínfẹ́nwá, ó gbàgbé pé irọ́ lòun ń pa. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ó fi ọwọ́ kan ti ọmọlanke, ó fi èkejì juwọ́. Nígbà tó dé iwájú ilé alága, ó yí ọmọlanke po lẹ́ẹ̀kan, ó jó.

"Ẹ̀gbọ́n!" ni Charles sọ sí i létí, òógùn bò ó. "Ẹ rọra o! Ẹ máa mí!"

"Kí n máa mí fún kí ni? Ṣé o ò rí bí Bernice ṣe ń wò mí ni?"

Bernice ń wò lóòótọ́. Kẹ́ẹ̀gì ló ń wò.

Ó dé òpin kílóòsì, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Àtèwe àtàgbà pàtẹ́wọ́. Mo ní láti sọ òtítọ́, ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà á gbọ́ lọ́jọ́ náà. Àwọn àgbà kan tiẹ̀ ti ń yí ojú sí ibi tí alápatà gbé ọkàn màlúù sí.

Jùwọ́nlọ gba gbohùngbohùn. Ojú rẹ̀ fà ro, àmọ́ ẹni tó bá dá májẹ̀mú, á mú un ṣẹ. "Ẹ̀yin ará, ojú gbogbo wa ló ṣe. Láti òní lọ, a ò ní gé ọkàn màlúù wẹ́wẹ́ mọ́." Àwọn ìyá kan mí kanlẹ̀. Alápatà gbé ọkàn náà wá lórí àwo, pupa, ó tóbi, ó ń dán. Akínfẹ́nwá na ọwọ́ méjèèjì.

"Omi dé!"

Bernice ni. Ó ti ń bọ̀ láti abẹ́ igi máńgòrò, gbogbo obìnrin kílóòsì wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú bákẹ́ẹ̀tì, bàsíà àti ìkòkò, àwọn ọmọ sì di ife mú. Bí omi bá wọ kílóòsì ní ọjọ́ tó gbẹ, ẹnì kankan kì í dúró kí wọ́n pè é.

Ọwọ́ Akínfẹ́nwá dúró sínú afẹ́fẹ́. "Ẹ̀yin obìnrin, ẹ dúró! Omi ìwádìí lèyí!"

"Ìrẹsì ò mọ omi ìwádìí yàtọ̀, Dàdí."

"Kò tíì balẹ̀! Agbára ṣì wà nínú rẹ̀!"

"Ìyẹn á jẹ́ kí ìrẹsì tètè jinná. Ẹ yẹ̀ fún mi, sà."

"Bernice, mo ní má fọwọ́ kàn án! Ó léwu! Ó wúwo jù fún obìnrin!"

Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yẹn ni kò yẹ kó sọ. Bernice gbé bàsíà rẹ̀ sílẹ̀. Ó tún ìró rẹ̀ dè. Ó tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fẹ ẹsẹ̀, ó di kẹ́ẹ̀gì tó tóbi jù mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó fi gbogbo agbára tí Ọlọ́run fún un gbé e: "Hẹ̀ẹ́n!"

Kẹ́ẹ̀gì fò. Ó gba orí Bernice kọjá, ó gba orí alága kọjá, ó balẹ̀ láàárín àwọn alápatà, ó ń fò tọ́ọ́ tọ́ọ́ kiri bí àgbò tí okùn já mọ́ lọ́rùn. Bernice ní tirẹ̀ ti fi ìdí jókòó sínú bàsíà rẹ̀, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Ìyá àgbà kan rìn síwájú, ó fi ìka kan ṣoṣo gbé kẹ́ẹ̀gì kejì. Ó gbọ̀n ọ́n sétí. Ó gbé e fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ. Ọmọ náà gbé e sórí, ó ń rìn kiri.

"Ẹ má jáyà!" ni Akínfẹ́nwá ké. "Sáyẹ́ǹsì ni! Agbára tó ti ara mi jáde ló fa omi náà gbẹ!"

"Ẹ̀gbọ́n," ni Jùwọ́nlọ wí sínú gbohùngbohùn, jẹ́jẹ́, "ìdérí wọn ò ṣí o."

"Ara kẹ́ẹ̀gì ló gbà jáde!"

Margaret ò wo ọkọ rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ló ń wò, ẹni tó ti ń fi ẹ̀yìn rìn lọ sí géètì díẹ̀díẹ̀. "Charles! Ta ló ń lé mẹ́rúwà padà láti àárọ̀? Omi tí mo fẹ́ fi wẹ̀ ò sí nílé!"

"Àǹtí mi, ẹ má dá mi lẹ́bi o. Ìdá kan nínú mẹ́rin péré ni wọ́n ṣèlérí fún mi!"

Ẹ̀rín tó bú lọ́jọ́ náà, wọ́n ní àwọn awakọ̀ epo ní Sátẹ́láìtì gbọ́ ọ, wọ́n rò pé táńkà ló gbiná. Alápatà rọra gbé àwo ọkàn náà padà sẹ́yìn. Akínfẹ́nwá fẹ́ yọ́ lọ, ṣùgbọ́n Bernice ti dìde nínú bàsíà.

"Ibo lẹ̀ ń lọ, Dàdí? Ata ń jóná. Ẹ̀yin lẹ dá omi wa dúró, ẹ̀yin lẹ máa bá wa pọn ọ́n wá. Ẹ di ọmọlanke yín mú."

Odindi kílóòsì ló sìn ín lọ síbi ẹ̀rọ omi, orin lẹ́nu wọn. Wọ́n bu omi kún kẹ́ẹ̀gì, omi gidi. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ bá a tò ó bó ṣe yẹ, èyí síwájú, èyí sẹ́yìn. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, àmọ́ ìgbéraga ò tíì kúrò lára rẹ̀.

"Ta ní kẹ́ ẹ tò ó báyẹn? Iwájú ni kẹ́ ẹ kó gbogbo rẹ̀ sí, kó lè máa fa ara rẹ̀ lọ! Ṣé ẹ̀yin lẹ máa kọ́ mi ní sáyẹ́ǹsì?"

Wọ́n wo Bernice. Bernice ní, "Ẹ ṣe é bí Dàdí ṣe wí."

Wọ́n kó o síwájú. Akínfẹ́nwá di ọwọ́ ọmọlanke mú, ó rọ̀ mọ́ ọn, ó tì í. Ọmọlanke ò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Ó rọra forí balẹ̀ bí ẹni tó ń kí ọba. Bí imú rẹ̀ ṣe ń lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yìn ń dìde, Akínfẹ́nwá sì wà ní ẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Kóòtù funfun ya láti ọrùn dé ìdí, fàà! Ó wá so rọ̀ lókè bí aṣọ tí wọ́n sá, ó ń fi ẹsẹ̀ wa kẹ̀kẹ́ nínú afẹ́fẹ́.

"Ẹ gbà mí o! Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀!"

"Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n o," ni Bernice wí. "Ìwádìí ń lọ lọ́wọ́."

"Bernice! Ọmọ mi dáadáa!"

"Kí ni kí n máa pè yín, sà?"

Ó wo ìsàlẹ̀. Ó wo gbogbo ojú tó ń wò ó.

"Bàbá Débọ́lá," ló wí.

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Àwọn obìnrin fúnra wọn ti omi náà délé, ìrẹsì jinná, ó kàn rùn díẹ̀. Wọ́n gé ọkàn màlúù wẹ́wẹ́, ilé kọ̀ọ̀kan sì jẹ tirẹ̀. Akínfẹ́nwá náà gba tirẹ̀, ó sì jẹ ẹ́ lẹ́bàá Bernice, torí bẹ́ẹ̀ ni àṣà wí.

Bí ẹ bá rò pé mo bù mọ́ ọn, ìyàwó rẹ̀ ṣì wà láyé, koko lara rẹ̀ le. Margaret Akínfẹ́nwá lorúkọ rẹ̀. Ẹ kan ilẹ̀kùn wọn ní àárọ̀ ọjọ́kọ́jọ́ tó bá wù yín. Margaret ni yóò ṣí i fún yín, torí ọkọ rẹ̀ á ti lọ pọn omi.